Àfòpiná Tó Wá Sórí Ewé Gbígbẹ

Sátidé, oṣù Ọ̀wàrà. Hayin Banki.

Àwọn àfòpiná yẹn tún wá nírọ̀lẹ́ òní. Ewé ogbe àkùkọ tí Màmá mi sá sójú fèrèsé ni wọ́n bà lé. Nígbà tí ewé náà ṣì tutù, wọn ò yà sí i. Ìgbà tó rọ tán ni wọ́n dé, apá wọn funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ikùn wọn pupa bí osùn. Mo ń wò wọ́n títí ọbẹ̀ mi fi jóná.

Ọkọ mi ló sọ fún mi nígbà kan pé oró inú ewé gbígbẹ yẹn ni wọ́n ń mu, kí ẹyẹ má baà jẹ wọ́n. Bàyọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Malam ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ọmọ tó bí. Láti ọjọ́ tá a ti sin ín, Bísọ́lá ọmọ wa ò pe orúkọ yẹn mọ́.

Lónìí, ó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn. Kò fò. Ó kàn ń dún ṣìì, ìfófòó pupa rúsúrúsú sì ń yọ lọ́rùn rẹ̀.

Màmá mi ní, "Àfòpiná ni, fi í sílẹ̀."

Bísọ́lá fi Hausa dá a lóhùn pé, "A'a, Mama. Malam buɗe littafi ne."

Orúkọ tí Hausa ń pè é nìyẹn: olùkọ́, ṣí ìwé. Ọmọ náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló tún un pè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí èèyàn lójú oorun.

"Malam..."

Àfòpiná náà ṣí apá.

Màmá fẹ́ kó ewé náà wọlé, wọ́n ní ó ti gbẹ jù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ fi í síbẹ̀. Gbígbẹ tí àwa náà gbẹ yìí ni wọ́n rí tí wọ́n fi wá."