Fíìmù Tí Mo Wò Dípò Kí N Wẹ Ọmọ Rẹ

Mọ́rẹ́olúwa ọmọ mi,

O kú ewu ọmọ. Ara mi le nílùú òyìnbó níbí, òtútù náà ti ń mọ́ mi lára.

Lánàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ wo fíìmù kan. Wọ́n kó àwọn akọni inú ìwé ìtàn àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ, pé kí wọ́n lọ gba ayé là. Mo ní, "Ta ló wá ń ṣọ́ ilé wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, fíìmù mà ni."

Ọmọ tirẹ̀ ń sùn lórí ẹsẹ̀ mi. Tìrẹ wà ní Ayétòrò, ẹlòmíì ló ń wẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ ń tì mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní tí àwọn bá ti rí alágbàtọ́, màá wálé. Mi ò béèrè mọ́.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ. Tó bá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ na apá ọmọ, kó máa fi orúkọ tí mo sọ ọ́ pè é.

Màmá rẹ.