Nọ́ńbà Tó Wà Lọ́rùn Smokey

Lorna ọ̀rẹ́ mi,

Ara mi le, mi ò sì sunkún. Curtis ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń fi ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná nínú gbé èmi àti Smokey ajá mi kiri ojú ogun àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń mú wa lọ. Lánàá, a dé Gettysburg. Smokey tọ̀ sídìí ìbọn àgbá àtijọ́ kan, mo rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo ti ń nu ẹrẹ̀ lọ́rùn ajá mi ni mo ti rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ irin pẹlẹbẹ tí nọ́ńbà fóònù mi wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà ìyàwó Curtis ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Curtis, ta ló ni ajá yìí?"

"Mọ́mì, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí a ń mú yín lọ, wọn kì í gba ajá."

"Ilé mi ni wọn kì í ti í gba ajá?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́!

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà mi. Mo ti fi ìṣó ha tiwọn kúrò, mo sì ha tèmi síbẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo jókòó lé kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n máa kàn án.

Bá mi bomi rin tòmátì mi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá wo ilé láti rà á, sọ pé onílé ń bọ̀, òun àti ajá rẹ̀.

Smokey ní kí n kí ọ.

Ardith