Omi Kò Kan Yàrá Òdo

                                        Yàrá Òdo,
                                        Abẹ́ Àtẹ̀gùn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Má rò pé mo ti gbàgbé rẹ o. Omi ló fẹ́ gbẹ̀mí mi.

O rántí pé ìyá àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ wá wo ibi tí ọmọ wọn máa gbé. Wọ́n dá Sátidé tó kọjá. Àfi bí bàbá onílé ṣe ṣòfin: yàrá tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pín sí méjì dọ́gba á pọnmi lónìí, èyí tí kò bá pín á pọn tiẹ̀ lọ́la. Yàrá mi ló ṣáájú yàrá kìíní, òdo ni wọ́n kọ sí i lára. Mo gbé garawa dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n lé mi! Wọ́n ní òdo kì í ṣe nọ́ńbà, òfìfo ni.

Mo ní ẹ jẹ́ ká pín in wò: òdo fún yín, òdo fún mi, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ṣé kò dọ́gba ni? Onílé ní ó dáa, kí n máa pọn garawa òdo.

Ìyá aránṣọ tí wọ́n la yàrá fún láàárín mẹ́ta àti mẹ́rin, mẹ́ta ààbọ̀ ni tiwọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pọnmi, wọ́n ní odindi nọ́ńbà lòfin mú! Ti afọmọ́tò tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ló wá burú jù. Máínọ́ọ̀sì kan ni nọ́ńbà tiẹ̀. Onílé ní bí àwọn yòókù bá ń mú omi lọ, òun ló yẹ kó máa mú un wá. Gbà mí o!

Nígbà tí Sátidé pé, ẹ̀rún pákó bò mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sí omi mímu fún àlejò. Mo jókòó, ẹkún ń gbọ̀n mí. Bí wọ́n ṣe kanlẹ̀kùn báyìí, mo rò pé ìyá ti dé. Afọmọ́tò ni, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì láti ibi iṣẹ́.

Ó ní, "Bọ̀dá kàfíńtà, wọ́n ní kí n máa gbé omi wá. Wọn ò sọ ẹni tí mo máa gbé e fún."

Omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Mo wẹ̀, ìyá dé, wọ́n mumi, wọ́n wò yíká, wọ́n ní yàrá náà ò burú. Wọ́n wá bi mí wẹ́lẹ́ bóyá afọmọ́tò ti níyàwó, torí àbúrò àfẹ́sọ́nà mi ṣì wà nílé. Ọ̀rẹ́, ìdílé wo lo tún mọ̀ tó fi òdo àti máínọ́ọ̀sì kan ṣàna?

Bá mi kí ìyàwó àti màmá. Tí ẹ bá ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó, jọ̀ọ́, ẹ gbé omi dání.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí wọn ò kà mọ́ èèyàn,
Kàfíńtà