Bí Wọ́n Bá Ní Kí O Wá Jẹun

Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, oṣù kẹta, 1991.

Tòún, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ara rẹ tí kò le, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Mo gbà á ládùúrà pé lórí ìjókòó ni lẹ́tà yìí yóò bá ọ, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa níbí wà dáadáa. Ọkọ mi ń kí ọ, àwọn ọmọ ń béèrè rẹ, òjò àkọ́rọ̀ sì ti sọ ọ̀nà Shasha di ẹrẹ̀.

O mọ̀ pé èmi kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. O kọ̀wé pé òòyì kọ́ ọ nínú kíláàsì, o ṣubú, wọ́n gbé ọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. O ní ara rẹ ò gba ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, kí n bá ọ bẹ Màmá kí o máa bọ̀ wálé wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Bí mo ṣe kà á tán, mi ò dúró bá ẹnikẹ́ni pète. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni o rí mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yín.

Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ nígbà tí mo dìde lọ láìjókòó pẹ́. O rò pé mo ń bínú. Mi ò bínú, Tòún. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé kò sí ibà lára rẹ, kò sí àìsàn kankan, pé àìjẹun láàárọ̀ ló ń gbé ọ ṣubú. Ó ká mi lára, nítorí èmi fúnra mi ni mo di páálí oúnjẹ tí o gbé lọ. Mo ní ta ló wá ń jẹ ẹ́?

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó ti ń yẹ̀ ọ́ wò ni mo kọ́kọ́ yà sí, o ò sì tíì ti ibẹ̀ dé nígbà tí mo wọ yàrá yín. Ìdíátù àti Matilda jókòó ti àwo ẹ̀wà kan, wọ́n rẹ gàrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdíátù kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá wa jẹun." Ebi ń pa mí, torí kùtùkùtù ni mo ti wọkọ̀ ní Iyana Ipaja. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti dáhùn kí n tó rò ó, mo ní ẹ ṣeun, á gba ibi ire. Ni Matilda bá bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Ìdíátù: "Ṣé o rí i? Àṣé àtilé ni."

Mo ní kí ni wọ́n ń wí. Wọ́n wá ń sọ ọ́, wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Pé bí ìwọ bá dáná láàárọ̀, o ó pe gbogbo yàrá, gbogbo yàrá á sì jẹ, ìwọ tí o sè é á wá máa fi ìka nu ìdí ìkòkò. Pé bí àwọn bá sè tiwọn tí wọ́n pè ọ́, o ó ní á gba ibi ire, o ó gbé báàgì, ó di kíláàsì. Matilda rò pé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí Màmá ń lọ ló ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ti Ìdíátù ló dùn mí jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé torí mo jẹ́ mùsùlùmí ni. Mo ní bóyá oúnjẹ ọwọ́ mi ń rí i lára." Omi ti lé sójú ọmọ yẹn.

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ. Nínú ilé tí a ti dàgbà ní Ìkọ̀tún, tí yàrá kọjú sí yàrá, bí aládùúgbò bá ní ẹ wá jẹun, ojú lásán ni Màmá á fi wò wá, a ó sì ní á gba ibi ire bí ìfun wa tilẹ̀ ń pariwo. Wọ́n ní ẹni tó pè ọ́ ti ṣe tiẹ̀, kí ìwọ náà ṣe tìrẹ. Ẹ̀kọ́ gidi ni nígbà náà, torí àwo tí wọ́n ń pè wá sí kò kún. Ẹ̀wà Ìdíátù kún, Tòún.

Mo fọwọ́, mo jókòó, mo jẹ ẹ́. Ó fi edé sí i, ó sì dùn. Bí a ṣe ń jẹun ni mo ti ń ṣètò, torí kí ni mo kọ́ ìmọ̀ ètò oúnjẹ àti ìnáwó ilé fún? Ẹnì kan á máa dáná láràárọ̀ fún gbogbo yàrá, ọ̀la á kan ẹlòmíràn, sítóòfù kan ṣoṣo ló sì tó. Ẹ̀wà kì í ṣe nǹkan àárọ̀. Ọ̀sán àná ni kí ẹ ti sè é, kí ẹ kàn gbé e kaná láàárọ̀. Ẹ bọ ọ̀dùnkún àti ẹyin nínú ìkòkò kan náà, kẹrosín ò ní tètè tán. Bí ó bá jẹ́ ògì, ẹ fi sóyà lílọ̀ sí i, kí ẹ dín ṣúgà kù. Bí ẹ bá ń din ẹyin, ẹ já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i. Tíì àti búrẹ́dì lásán kì í ṣe oúnjẹ jàre, ẹ̀tàn ni. Ẹni tó bá sì pẹ́ jí, kí ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà dání, kí ó máa jẹ ẹ́ lọ́nà.

Nígbà tí o wọlé tí o bá mi nídìí àwo, o wò mí bí ẹni tó jalè. Mi ò sọ nǹkan kan, torí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu Màmá wá. Mi ò yà sílé, Ìkọ̀tún ni mo gbà lọ tààrà.

Ẹ̀fọ́ ni Màmá ń já nígbà tí mo rò ó fún wọn, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ìgbà tí mo dé ibi tí omi ti lé sójú Ìdíátù ni wọ́n gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá béèrè bóyá àwọn ọmọ yẹn ń pè ọ́ tọkàntọkàn, àbí ẹnu lásán ni. Mo ní mo jẹ níbẹ̀, mo yó. Màmá ní, "Sọ fún Tòún pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo ní kí ó jókòó jẹun."

Àṣẹ ti dé nìyẹn. Má dúró fèsì lẹ́tà yìí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti aṣọ rírán, mi ò dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Jẹun títí oṣù yìí á fi parí ná. Bí òòyì bá ṣì ń kọ́ ọ, èmi fúnra mi ni n ó wá kó ẹrù rẹ.

Kí Olúwa fún ọ lókun, kí oúnjẹ tí o bá jẹ di ẹ̀jẹ̀ lára rẹ, kí ìwé tí o bá kà dúró sí ọ lórí. Ojú kò ní tì wá lórí rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ ń jẹ lógún,
Adébùnmí.

Mo tún rántí: edé tó wà nínú ọ̀rá tí Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá mú wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, Màmá ló fi ránṣẹ́. Kì í ṣe tìrẹ o. Wọ́n ní kí o kó o fún Ìdíátù, kí ó fi se ẹ̀wà mìíràn, kí ó sì pè ọ́.