Máàkì Méjì Nínú Márùn-ún

Ọwọ́yá, ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró láti àárọ̀ kò wú, ṣé àlàáfíà ni gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń dáná ní ilé oúnjẹ yẹn wà? Iná tí o fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò ní yíjú padà sí ọ. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ wa bímọ, ìbejì ni. Bàbá rẹ sì wà bó ṣe máa ń wà, ó ń jẹun, ó sì ń rí wí sí oúnjẹ náà lẹ́yìn tó bá ti jẹ ẹ́ tán.

A gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ, gbogbo ìgbà tí o bá sì dákẹ́ kí o lè mí ni mò ń dá ọ lóhùn, kí tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa tó wá sọ fún mi pé ohùn tí o ti sọ kalẹ̀ ni, pé o ò gbọ́ mi. Ó dùn mí díẹ̀, torí àdúrà tí mo ti gbà síbẹ̀ kò kéré. O ní níbi iṣẹ́ yín, séfútì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mo rò pé orúkọ ọ̀gá yín kan ni, mo sì ní kí tíṣà bá mi kí i, kó bá mi mójú tó ọmọ mi. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní séfútì kì í ṣe ènìyàn, pé ààbò ni, pé kí òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lódindi kó sì padà lódindi. Mo ní ó dáa, kó máa ṣáájú.

Ó wá ka fọ́ọ̀mù tí o ya fọ́tò rẹ̀ fún wa, èyí tí máníjà yín pín, tó ń béèrè pé láti oókan dé aárùn-ún, báwo ni ọkàn yín ṣe balẹ̀ tó nínú kíṣìnì. Ọ̀gá alásè kọ márùn-ún. Àwọn yòókù yọjú wo tirẹ̀, wọ́n kọ márùn-ún. Ìwọ nìkan lo kọ méjì. Ọmọ mi, n kò ní parọ́ fún ọ, ojú tì mí. Mo rò pé o fìdí rẹmi ni. Mo bẹ tíṣà pé kó má sọ ọ́ fún ará àdúgbò.

Àṣé n kò tíì gbọ́rọ̀ tán. Ohùn kejì tí o fi ránṣẹ́ ló là mí lóye. O ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú fọ́ọ̀mù yẹn, òróró gbiná lórí ààrò ní ọ̀sán gangan tí oníbàárà kún ilé, ẹnì kan sì gbé omi pé òun fẹ́ dà á lé e. O di ọwọ́ rẹ̀ mú, o pa gáàsì, o fi ọmọrí bo páànù, iná náà sì kú. Láti kékeré ni mo ti ń dáná, n kò sì mọ̀ pé omi a máa bí iná òróró nínú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó sá lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kò ríbi gbà, àpò àlùbọ́sà ni wọ́n tò dí i, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Nígbà tí ẹ̀rù kúrò, ọ̀gá alásè ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá iná tó kún apá rẹ̀ hàn yín, ó ní ìwé ẹ̀rí òun nìyẹn, pé ẹni tí iná ò tíì jó kò tíì di alásè. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, iyì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ irú ìwé ẹ̀rí yẹn lára ọmọ mi.

Nígbà tí máníjà wá pè ọ́, tó ní kí ló dé tí ìwọ nìkan fi kọ méjì, mo mọ̀ pé àyà rẹ á já, iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣa nílẹ̀. Síbẹ̀ o ò pa á rẹ́. O ní kó tẹ̀lé ọ, o mú un dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, o ní kó ṣí i. Ó tì í, kò ṣí. Ó fi èjìká tì í, kò ṣí. Máníjà obìnrin náà bọ́ kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlùbọ́sà, o bá a gbé e, kò sì pẹ́ tí ọ̀gá alásè náà fi wá di etí àpò kan mú. Ní báyìí, wọ́n ti tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, wọ́n sì ti so ìgò pupa tó ń pa iná mọ́ ògiri. Bàbá rẹ rí i nínú fọ́tò, ó ní ṣé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń bu ọtí náà fún yín ni, àbí tí ẹ bá parí.

Ìgboyà rẹ wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi ya bébà kan, tí mo bi bàbá rẹ pé láti oókan dé aárùn-ún, báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó lórí àkàbà tó fi ń gun òrùlé, èyí tí ó fi okùn so igi ìgbẹ́sẹ̀lé méjì tó ṣẹ́. Ó ní márùn-ún, ó tún ní kí n má fi ìwà ìlú ńlá yọ òun lẹ́nu. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ń gbálẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní ṣé bébà yẹn ṣì wà. Mo ní ó wà. Ó ní kí n pa márùn-ún rẹ́, kí n kọ oókan. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ òun ti máa ń gbọ̀n bí òun bá dé àárín àkàbà, pé orin ni òun fi ń bò ó, kí n má baà mọ̀. Ọmọ mi, mo ti ń dúró sísàlẹ̀ gbe orin yẹn láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó káfíńtà ránṣẹ́, kó kan àkàbà mìíràn fún un. Tíṣà ní báǹkì á fi í ránṣẹ́ láìsí ẹni tó gbé e dání. Sọ fún wọn kí wọ́n fi ọ̀rá wé e dáadáa, òjò ń rọ̀ lọ́nà. Tí o bá wálé, má bi bàbá rẹ nípa orin o, n kò sọ fún un pé mo kọ ọ́ sí ọ.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. O ò ní sọ òótọ́ kó wá di àbámọ̀ fún ọ. Ẹni tó bá sì wò ọ́ ṣe ohunkóhun, ohun tó dáa ni yóò wò kọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tijú mọ́.