Inú Tó Dàrú Tí Ẹ Fi Pamọ́ Fún Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Bàámi, mo kí Bọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi, àti gbogbo ará ilé wa ní Fìdítì. Òtútù ibí kò tíì lọ. Iṣẹ́ ń lọ. Inú mi ni kò dùn.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, bí kò tilẹ̀ tíì dán mọ́rán lọ́wọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa túmọ̀ rẹ̀ fún yín kó yọ èyí tó korò kúrò.

Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pè yín, màá béèrè bóyá ẹ ń lo oògùn ṣúgà yín. Ẹ ó ní, "Mò ń lò ó, ọmọ mi." Èmi á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Irọ́ ni mo ń dúpẹ́ lé lórí.

Àná ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Bọ̀dá Kúnlé pé wọ́n ń wẹ egbò ẹsẹ̀ yín lọ́sibítù. Egbò wo? Ó wá ní láti ìgbà ọyẹ́ lẹ ti pa oògùn tì. Ọjọ́ ààwẹ̀ ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fà á: inú òfìfo lẹ gbé oògùn náà mì sí; bí ẹ ṣe ń darí àdúrà, ìgbẹ́ gbuuru lé yín jáde. Ìyá kan láti Ìwàrè wá ń fi yín ṣẹ̀sín pé, "Màmá Lọ́ńdọ̀nù ń sáré bí ọmọdé." Ẹ̀gbọ́n mi ní a kì í sọ irú ìyẹn fún ẹni tó wà lókè òkun. Ọlọ́kadà tó ń gbé yín mọ̀. Èmi ọmọ inú yín nìkan ni àlejò.

Màmá, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan níbẹ̀ ń lo irú oògùn yín. Nígbà tí inú rẹ̀ dàrú, ìdí oúnjẹ ló ti pariwo rẹ̀, kò tijú rárá. Dókítà dín oògùn náà kù, ó ní kó máa jẹun kó tó lò ó. Ara bàbá balẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa ní àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú ìfun wa, tí wọ́n ń bá wa mú oúnjẹ dà. Oògùn yẹn máa ń da ìlú wọn rú: àwọn kan á dín kù, àwọn mìíràn á pọ̀ sí i, ìyẹn sì lè wà lára ohun tó ń mú inú kùn. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń rọlẹ̀ tó bá yá. Ẹ ò bá ti sọ fún mi.

Ẹ fi tiyín pamọ́. Èmi fi lẹ́tà tèmi yìí síta fún gbogbo èèyàn, kí ọmọ mìíràn tó wà lájò lè béèrè ohun tí n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá dókítà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, n kò ní béèrè bóyá ẹ lo oògùn. Inú yín ni n ó béèrè. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, kódà bó bá ń rùn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí egbò náà jinná. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi sìn mí dé ìdí mọ́tò kò ní di àwátì. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn tó mọ̀ tí wọn ò sọ.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bínú, tí kò sì ní ìyá mìíràn,
Dọlápọ̀