Ẹ Pa Ọ̀rọ̀ Ọtí Rẹ́ Lára Orúkọ Bàbá Wa

Ilé Olóòlà,
Ọ̀nà Ìfọ́n,
Ìlobù, nítòsí Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, 1956.

Ọ̀gá Wolé-wolé tó kúrò ní Ìlobù,
Ọ́fíìsì Ìmọ́tótó,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ PÁTÁKÓ TÍ Ẹ KÀN MỌ́ ÒGIRI ỌJÀ NÍPA BÀDÍRÙ OLÓÒLÀ

1. Èmi ni Rísíkátù, ọmọ Bàdírù olóòlà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ bàbá wa sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wọn mọ́ fún ilà kíkọ, nítorí pé ọ̀mùtí ni wọ́n. Bàbá wa ti kú. A ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, pátákó náà ṣì wà níbẹ̀. Wolé-wolé tó rọ́pò yín dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè fọwọ́ kan ohun tí ọ̀gá tó ṣáájú òun kàn mọ́ ògiri, àfi tí ẹ bá kọ̀wé. Ìdí nìyí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu níbi tí ẹ wà.

2. N kò sẹ́ ohun tí bàbá ṣe. Pélé mẹ́ta mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n kọ fún Jímọ́ọ̀, ọmọ Mùíbátù aládùúgbò wa. Ilà kẹta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yẹ̀, ó gòkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọmọ náà. Tí ìyá rẹ̀ bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ojú ń tì mí láti máa bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ òkú nígbà tí alààyè ń gbé àpá náà kiri.

3. Nígbà tí ẹ wá ṣe ìwádìí, ẹ mú bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n sọ ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà Ìfọ́n. Àwa tó kù kò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin tí wọ́n fi dárúkọ onítọ̀hún. Ẹ ní ojú wọn mọ́ kedere, pé ọtí ló mú ọwọ́ wọn yẹ̀. Ẹ tún ní ọwọ́ wọn ń rùn bí ọtí. Òórùn sípíríìtì tí ẹ̀yin fúnra yín pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi nu abẹ ni. Bàbá wa kì í fi ìrun jáfara. Ọtí kò kan ẹnu wọn rí.

4. Lẹ́yìn náà, ikọ́ bàbá gbé wa dé ọsibítù ní Òṣogbo. Dókítà rí i pé bàbá na apá jìnnà kí wọ́n tó lè wo káàdì ọwọ́ wọn, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ó ní ohun kan wà nínú ẹyin ojú, tó mọ́ gaara bí omi. Èmi fi í wé ẹ̀kọ. Nígbà èwe, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná: ó ń wú díẹ̀ tí a bá ń wo ohun tó wà nítòsí, ó sì ń tẹ́ tí a bá wo ọ̀nà jíjìn. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ó ń le bí ẹ̀kọ tútù, kò lè wú mọ́. Ọ̀nà jíjìn á ṣì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni á di bàìbàì. Ó ní kò sí ẹni tó máa dàgbà tí kò ní bá a.

5. Inú mi dùn pé èyí yóò wẹ orúkọ bàbá mọ́. Mo bẹ ọsibítù kí wọ́n fún bàbá ní awò ojú, wọ́n sì fún wọn. Nígbà tí a délé, Jímọ́ọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fínnífínní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kedere. Wọ́n bọ́ awò náà, wọn kò sì fi í sójú mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi rò pé oore ni mò ń ṣe.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé kí a yọ pátákó náà kí àdúà ogójì ọjọ́ tó pé. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ṣì wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ó wà. Ọ̀rọ̀ ọtí nìkan ni kí ẹ pa rẹ́, kí ẹ kọ ọ́ pé wọn kò rí ohun tó wà nítòsí mọ́. Bí ẹ bá sì tún ń dán ojú olóòlà wò níbòmíràn, ẹ má fi ọ̀nà jíjìn dán an wò. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú.

7. Jímọ́ọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní oṣù Kìn-ín-ní. Iwájú pátákó náà ni yóò máa gbà kọjá, kò sì ní pẹ́ mọ̀wé kà. Ẹ má jẹ́ kí ó kà á níbẹ̀ pé ọ̀mùtí ló kọ ilà sí òun lójú.

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ojútì,
Rísíkátù Bàdírù,
Àkọ́bí olóògbé.